Kòkòrò tó fẹ́ẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run, àti èyí tí wọ́n ṣì mú dípò rẹ̀

Àgbẹ̀ tó bá dá oko ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1980 sí 1985 kò ní ṣàì rántí ohun tójú rí. Ẹ̀gẹ́ tó ń dán yọ̀ọ̀ nígbà òjò ni yóò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í káwé kò bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé. Ọ̀mùnú rẹ̀ yóò sù jọ bí ìkúùkù. Ewé ìsàlẹ̀ yóò máa já lọ́kọ̀ọ̀kan, títí igi ẹ̀gẹ́ yóò fi dúró lásán bí àbẹ́là. Bí ènìyàn bá wá ṣí ọ̀mùnú tó sù jọ náà wò, yóò rí nǹkan funfun níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bu láfún wọ́n ọn. Láfún ọ̀hún sì ń rìn. Ó lẹ́sẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ 100 tó yẹ kí àgbẹ̀ wà lóko, ó lè pàdánù tó 80. Èyí tó tilẹ̀ dun ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jù ni ti igi tí wọn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Kókó ara igi náà ti sún mọ́ra jù, ó ti rọ, bí wọ́n bá sì gé e gbìn, kì í hù dáadáa. Àgbẹ̀ tó pàdánù ìkórè ọdún kan lè yá oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò yá a ní igi ẹ̀gẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ṣe oko tirẹ̀ náà ló ṣe ti aládùúgbò rẹ̀?

Ìtàn bí wọ́n ṣe borí kòkòrò yìí gba Ìbàdàn kọjá, ó sì jẹ́ ìtàn tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń jẹ gàrí mọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àṣìmọ̀ ló kọ́kọ́ dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kòkòrò méjì ló jọra bí ìbejì, wọ́n sì ti mú ọ̀kan dípò èkejì.

Àlejò ni ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún wá. Àwọn Potogí ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Áfíríkà ní ohun tó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàrí gbilẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń bọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a rìn. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ó fi wà níbí tí ara tù ú. Ẹ̀gẹ́ ni tálákà gbójú lé nígbà tí iṣu bá wọ́n, òun náà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ de ìgbà ìyàn.

Ọdún 1973 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí kòkòrò funfun yìí ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ní orílẹ̀-èdè Congo méjèèjì. Zaire ni wọ́n ń pe èyí tí Kinshasa wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ẹnì kan ló kó igi ẹ̀gẹ́ wọlé láti Gúúsù Amẹ́ríkà láìmọ̀ pé kòkòrò wà lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń tàn. Ọmọ rẹ̀ kéré débi pé atẹ́gùn lè gbé e láti oko kan dé òmíràn, èyí tí atẹ́gùn kò bá sì gbé, ọkọ̀ tó ń kó igi ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà yóò gbé e. Kí ọdún 1980 tó pé, ó ti dé Nàìjíríà.

Abo ni gbogbo wọn. Kòkòrò oníyẹ̀fun yìí kò ní akọ rárá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí oko kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin láì fojú kan akọ, abo ni gbogbo ọmọ tó bá sì jáde níbẹ̀, àwọn náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé tiwọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ akọ àti abo yìí sọ́kàn, nítorí pé yóò wúlò níwájú.

Ṣé wọn kò lè fín oògùn sí i ni? Wọ́n lè fín in, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ara rẹ̀ bí ọ̀rá ni, omi oògùn a máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí òjò ṣe ń ṣàn kúrò lórí ewé kókò. Inú ọ̀mùnú tó sù jọ ló tún sá pamọ́ sí. Èló sì ni oògùn, èló ni ẹ̀gẹ́? Àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀ kò ní rí owó oògùn. Ní àwọn ibi kan bíi Congo, ewé ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n ń sè bí ẹ̀fọ́, wọn kò sì lè jẹ ewé tí wọ́n fín májèlé sí.

Ọ̀nà tó kù ni kí wọ́n lọ sí ilé kòkòrò náà. Ní ìlú rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í pa ẹ̀gẹ́ run. Nǹkan kan ní láti máa jẹ ẹ́ níbẹ̀ tí kò bá a wá sí Áfíríkà. Tí wọ́n bá lè rí nǹkan ọ̀hún, kí wọ́n mú un wá. Èyí ni iṣẹ́ tí Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbà nígbà tó dé ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, IITA, ní Ìbàdàn, lọ́dún 1979.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè wá ilé ẹni kan lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń wá.

Ta ni ń jẹ́ kòkòrò?

Nínú èdè Yorùbá, kòkòrò ni a ń pe ohun gbogbo tó kéré tó sì ń rá. Alántakùn, kòkòrò ni. Àkekèé, kòkòrò ni. Ọ̀kùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò lóǹkà, kòkòrò ni. Àwọn onímọ̀ ayé òde òní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni ẹsẹ̀: tí kò bá ní ẹsẹ̀ mẹ́fà nígbà tó bá dàgbà, tí ara rẹ̀ kò sì pín sí mẹ́ta, orí, àyà àti ikùn, kì í ṣe ara wọn. Alántakùn ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, nítorí náà ó bọ́ sí ìta.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi èyí fojú tín-ín-rín àwọn baba wa o. Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Sweden tó fi ìpìlẹ̀ ìsọlórúkọ lélẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1758, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méje ló pín kòkòrò sí, ìyẹ́ ni ó sì fi pín wọn jù: àwọn tí ìyẹ́ wọn le bí èèpo, àwọn tí ìyẹ́ wọn ní ìpẹ́ bíi ti labalábá, àwọn oníyẹ́ méjì bí eṣinṣin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkeje ni ti àwọn tí kò ní ìyẹ́. Inú rẹ̀ ló kó iná orí, alántakùn, àkekèé, ọ̀kùn àti akàn sí. Bẹ́ẹ̀ ni, akàn inú omi! Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ kí àwọn mìíràn tó yọ wọ́n kúrò níbẹ̀.

Nípa ti ikán, àwọn baba wa tilẹ̀ ta àwọn òyìnbó yọ. Èèrà funfun ni àwọn òyìnbó ń pe ikán lédè wọn, títí di òní. Yorùbá kò pè é ní èèrà rí. Èèrà ni èèrà, ìjàlọ ni ìjàlọ, ikán ni ikán, orúkọ tó dá dúró ni. Nígbà tó wá di ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀n fi àyẹ̀wò àbùdá inú ara kòkòrò hàn pé ikán kò bá èèrà tan rárá. Inú agboolé aáyán ló ti jáde. Aáyán kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń gbé inú igi, tó sì ń jẹ igi bí ikán, òun ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ìsọ̀rí odidi tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ikán láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n dà nù lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kó o padà sínú ti aáyán.

Ọ̀rọ̀ ẹbí kòkòrò ṣòro báyìí nítorí pé wọ́n pọ̀, wọ́n sì ti pẹ́ láyé. Èyí tí wọ́n ti sọ lórúkọ tó mílíọ̀nù kan, wọ́n sì gbà pé èyí tí wọn kò tíì rí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yímíyímí àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ìyẹ́ wọn le bí èèpo nìkan ju 350,000 lọ. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún kí ẹyẹ kankan tó fò ni kòkòrò ti ń fò. Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun kan wà tó jọ lámilámi, tó jẹ́ pé tó bá na ìyẹ́ méjèèjì, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Lámilámi tó fẹ̀ tó ẹyẹlé nìyẹn. Àpẹẹrẹ ìyẹ́ rẹ̀ wà lára òkúta tí wọ́n hú níbi ìwakùsà èédú ní Commentry, nílẹ̀ Faransé, Charles Brongniart ló sì sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1885. Ìyẹn ti kú tán. Àwọn tó yè ti pín, wọ́n tún pín, débi pé méjì lè jọra lójú títí, kí ìwà wọn sì jìnnà síra bí ọ̀sán àti òru.

Kòkòrò ara ẹ̀gẹ́ yìí, ìsọ̀rí ìdun ló bọ́ sí. Kì í ṣe pé ó jọ ìdun, ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹnu àwọn tó wà ní ìsọ̀rí yìí dà bí abẹ́rẹ́: ìdun ń fi tirẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀, èyí ń fi tirẹ̀ mu omi ara ewé. Kì í jẹ ewé bí tata ti ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kò fi ní rí ojú eyín kankan lára ewé náà, tí ewé yóò sì máa gbẹ.

Àwọn ìbejì tí kì í ṣe ìbejì

Lọ́dún 1977, Danièle Matile-Ferrero, obìnrin onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe àlàyé kòkòrò tó ti Congo wá náà fínnífínní, tó sì sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ rí kó tó dé Áfíríkà, kódà ní ìlú tó ti wá. Bí ó ṣe rọra ń gbé ní ilé rẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nìyẹn.

Ni ìwákiri bá bẹ̀rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà tóbi púpọ̀, gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ ni wọ́n sì lè wò. Ní apá àríwá rẹ̀, ní agbègbè bíi Kòlóńbíà, wọ́n rí kòkòrò funfun oníyẹ̀fun lórí ẹ̀gẹ́. Ó jọ ọ́. Orí ọ̀mùnú náà ló wà. Ó ń sọ ewé di sísù bíi ti Áfíríkà. Wọ́n gbà pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n kó àwọn agbọ́n tíntìntín tó ń pa á jọ, wọ́n sì gbìyànjú láti fi wọ́n sọ́dọ̀ kòkòrò ti Áfíríkà.

Kò bọ́ sí i. Àwọn agbọ́n náà kò lè bímọ nínú kòkòrò tí wọ́n gbé síwájú wọn.

Ẹni tó bá ti sin ẹran rí yóò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Agbọ́n irú yìí kì í jẹ ohun tó bá ti rí. Láti ìrandíran ni irú kan ti ń tọ irú kan lẹ́yìn, ara ẹni tó mọ̀ ló ń yé ẹyin sí. Bí wọ́n bá gbé ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ wá, kò ní gbà á, tàbí kó gbà á kí ọmọ rẹ̀ kú síbẹ̀. Agbọ́n mọ ìyàtọ̀ tí ojú ènìyàn kò rí.

Wọ́n wá padà sídìí ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá. Iṣẹ́ sùúrù ni iṣẹ́ ìdánimọ̀ kòkòrò oníyẹ̀fun, nítorí pé bí ènìyàn bá ti nù ún mọ́, ohun tó kù kò ju àpò rírọ̀ kan lọ. Wọn yóò sè é nínú oògùn títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí dígí, wọn yóò sì máa ka irun ara rẹ̀ àti àwọn ihò wínníwínní tí ìyẹ̀fun ń gbà jáde. Cox àti Williams ní Lọ́ńdọ̀n ló parí iṣẹ́ náà lọ́dún 1981, tí wọ́n sì kéde pé kòkòrò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí wọ́n rí ní àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ní Phenacoccus herreni, wọ́n fi orúkọ Herren dá a lọ́lá.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo náà tún jẹ́rìí sí i. Herreni ní akọ. Akọ rẹ̀ máa ń hu ìyẹ́, ó máa ń fò, ó ń wá abo kiri. Manihoti ti Áfíríkà kò ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ju funfun ara wọn lọ yóò máa pe méjèèjì ní nǹkan kan náà títí ayé. (Lẹ́yìn ìgbà náà, herreni fúnra rẹ̀ di ìṣòro fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ní ìlà-oòrùn àríwá Brazil, àwọn tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ nígbà ìwákiri yìí ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò ṣòfò tán.)

Ó tún wá ku ibi tí manihoti wà gan-an. Anthony Bellotti, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, ló rí i lọ́dún 1981, ní Paraguay, níbi tó jìnnà pátápátá sí apá àríwá tí wọ́n ti ń wá a tẹ́lẹ̀. Díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò hàn sójú bíi ti Áfíríkà, nítorí pé àwọn tó ń pa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Agbọ́n tí kò ta ènìyàn

Nínú àwọn tó ń pa á ni agbọ́n kan tí kò gùn tó mìlímítà méjì. Ẹni tó bá gbọ́ agbọ́n lè máa fọwọ́ bo orí, ṣùgbọ́n eléyìí kò lè ta ènìyàn. Bí ó bá bà lé ewé ẹ̀gẹ́, yóò máa fi ìwo orí rẹ̀ kan ibí, kan ọ̀hún, títí yóò fi kan kòkòrò oníyẹ̀fun. Yóò gún un, yóò sì yé ẹyin kan sínú rẹ̀. Ẹyin yóò pa, ọmọ agbọ́n yóò máa jẹ kòkòrò náà láti inú wá. Kò pẹ́ tí kòkòrò yóò fi kú, tí ara rẹ̀ yóò wú, tí yóò sì le bí èèpo, bí àgọ́ tí ọmọ agbọ́n ń sùn sí. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà yóò dá ihò róbótó sí i, yóò jáde, yóò sì lọ máa wá kòkòrò tirẹ̀ láti yé sí.

Wọn kò kàn gbé e wá sí Nàìjíríà bẹ́ẹ̀ o. Ohun tó mú wàhálà wọ Áfíríkà tẹ́lẹ̀ ni kíkó nǹkan wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn agbọ́n náà lọ láti Paraguay, ilẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ kò ti lè hù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti há wọn mọ́lé, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá àrùn tàbí kòkòrò mìíràn wà lára wọn, kí wọ́n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún 1981, wọ́n tú wọn sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ọgbà IITA.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbà. Agbọ́n náà mọ ẹni tó rí. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti fúnra rẹ̀ tàn ká oko ẹ̀gẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn ilẹ̀ mìíràn sì ń bèèrè fún un. Wọ́n ń sìn ín nínú ilé ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó o lọ. Níbi tí mọ́tò kò lè dé, bàálù ni wọ́n fi ń tú u sílẹ̀ láti òkè. Ó lé ní ogún orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà tí agbọ́n náà ti fìdí múlẹ̀, ní púpọ̀ jù nínú oko wọn, kòkòrò oníyẹ̀fun sì dín kù débi pé àgbẹ̀ kò bìkítà fún un mọ́. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, Richard Norgaard, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1988 pé dọ́là kan tí wọ́n ná sórí iṣẹ́ náà mú èrè dọ́là 149 wá. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan tú nǹkan kan sílẹ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ tún ń ta dáadáa. Ọdún 1995 ni wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé nípa agbọ́n náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Nínú ìwé àtijọ́, Epidinocarsis lopezi ló ń jẹ́. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, ó di Apoanagyrus lopezi. Nísinsìnyí, Anagyrus lopezi ni. Agbọ́n kan náà ni, kò yí padà. Àwọn tó ń to ẹbí kòkòrò ló ń gbé e láti agboolé kan sí òmíràn bí ìmọ̀ wọn ṣe ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tán sí Áfíríkà. Lọ́dún 2008, kòkòrò oníyẹ̀fun yìí kan náà dé Thailand, ilẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ sókè òkun jù lọ láyé. Ẹ̀rù bà wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwákiri láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà ló sì sọ fún wọn ohun tó ń pa á àti ibi tó wà. Lọ́dún 2009, ẹ̀ka IITA ní orílẹ̀-èdè Benin fi agbọ́n ránṣẹ́ sí wọn, nígbà tó sì di ọdún 2010 wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ lóko. Iṣẹ́ tó gba Áfíríkà ní ọ̀pọ̀ ọdún kò gbà wọ́n ju ọdún méjì lọ.

Ẹ̀ka Benin yìí, nítòsí Kọ̀tọ̀nú, ní yàrá kan tó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá kọjá lọ síbẹ̀ béèrè láti rí. Kòkòrò tó lé ní 300,000 ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mọ́lẹ̀ nínú àpótí, tí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n rí i sídìí rẹ̀. Nàìjíríà náà ti ní ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí: lọ́dún 1980, J. T. Medler, tó ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde tó to orúkọ àwọn kòkòrò ilẹ̀ wa tí wọ́n ti mọ̀ títí di ìgbà náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò dùn ún kà, orúkọ lé orúkọ ni. Ọjọ́ tí àlejò bá wọ oko ni ènìyàn yóò mọ iye rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye àwọn ará ilé kò lè mọ̀ pé ẹnì kan ti wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 gan-an nìyẹn. Kòkòrò kan ń jẹ ewé àgbàdo ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rò pé èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ìyẹn èyí tó máa ń wọ́ wá ní ọ̀wọ́ bí ọmọ ogun lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí yóò jẹ koríko àti àgbàdo fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, tí yóò sì lọ. Wọ́n retí kó lọ. Kò lọ. Georg Goergen, tó ń tọ́jú yàrá kòkòrò ti Benin yẹn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kéde lọ́dún náà pé àjèjì ni, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti pé kò tíì wọ Áfíríkà rí. Láàárín ọdún méjì, ó ti dé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo lè dá a mọ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ mú èyí tó ti dàgbà, kí ẹ wo orí rẹ̀: ìlà funfun kan wà níbẹ̀ tó yà sí méjì bí pàlàkà igi tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Kí ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ìdí: àmì dúdú mẹ́rin wà níbẹ̀ tó jókòó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹsẹ̀ tábìlì. Inú kòròfo ọ̀mùnú àgbàdo ló máa ń sá sí, ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń dà bí èérún igi níbẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ kòkòrò mìíràn tí ẹ kò rí rí, àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má kọ́kọ́ sáré fín oògùn. Oògùn tí ẹ fín lè pa agbọ́n tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ṣáájú kòkòrò tó ń bá yín jà. Ẹ mú mélòó kan nínú rẹ̀, kékeré àti ńlá, kí ẹ kó wọn sínú ìgò tí ẹ ti bu sípíríìtì sí kó má baà jẹrà. Kí ẹ kọ orúkọ abúlé yín, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti irú ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e fún òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Kòkòrò tí kò ní ìwé yìí nídìí kò ṣe àwọn onímọ̀ ní àǹfààní púpọ̀.

Ní ti ẹ̀gẹ́, kòkòrò oníyẹ̀fun kò tán nílẹ̀ Yorùbá. Kò sì ní tán, nítorí bí ó bá tán, ebi yóò pa agbọ́n náà kú. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú oko ni. Ẹni tó bá lọ sí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tó sì fara balẹ̀ ṣí àwọn ọ̀mùnú wò, lè bá ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀. Láàárín wọn ni yóò ti rí àwọn tó ti wú tí wọ́n sì le bí èèpo, tí ihò róbótó kan wà lẹ́yìn wọn níbi tí agbọ́n ti bá tirẹ̀ lọ.